Dátà ńlá ń fa callr::r() sẹ́yìn, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń lo callr::r() nínú R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà) kí kóòdù mi lè ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ nínú R tuntun mìíràn, kí package tí mo ti ṣí tẹ́lẹ̀ má baà dà á rú. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní "object 'tita' not found" (kò rí tita, tábìlì dátà mi), àfìgbà tí mo fi í sínú args:

callr::r(function(d) lm(iye ~ osu, data = d), args = list(d = tita))

Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà mílíọ̀nù 4 ló wà nínú tita, callr sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kó tó bẹ̀rẹ̀. Èsì lm (iṣẹ́ R tó ń ṣe linear regression) tún ń ru dátà padà wá! Ṣé kí n fi orúkọ fáìlì nìkan ránṣẹ́, kó dá coef() (àwọn nọ́ńbà tí lm ṣírò) nìkan padà? Àbí kí n lo r_session (R kan tó máa wà ní ṣíṣí láti ìpè kan dé òmíràn), torí ìgbà 50 ni mo máa pè é? Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá fi sílẹ̀ á ba tèkejì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀yin ń lò?