Àyà mi ń já nínú gósíló Nyanya: irú mímí wo ló lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìbéèrè (Mararaba)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà l'Ábújá àti lókè ọya. Sẹkitéríàtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ti dúró sójú kan ní Nyanya láàárọ̀, àyà mi á máa lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, á sì dà bíi pé afẹ́fẹ́ ò wọlé sí mi nímú mọ́. Wọ́n ti yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ mi wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí àrùn, àníyàn ni, kí n máa mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń mí kanlẹ̀, òòyì ló ń kọ́ mi, ètè mi á máa ta mí wìnìwìnì. Ṣé kò bá ara mi mu ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó là á yé mi.

Nọ́ọ̀sì kan, Gwagwalada
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Afẹ́fẹ́ tí ò ń fà sínú ló pọ̀ jù, tó tún yá jù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rù á mú un yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá tún wá ń fa èémí ńláńlá lé e, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí ara ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á fún. Ibẹ̀ ni òòyì àti ètè títa yẹn ti ń wá.

Mímí síta ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gbé ọwọ́ kan lé àyà, gbé ìkejì lé ikùn. Ṣu ètè rẹ bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná, kí o mí síta pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, fi imú fà á jẹ́jẹ́, ka ení dé ẹ̀rin. Ọwọ́ orí ikùn ni kó gbéra, kí ti àyà má fi bẹ́ẹ̀ mira. Mí i síta, kà á dé ẹ̀fà. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn á jẹ́ mímí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣòro, fi ẹ̀ta fà á, fi ẹ̀rin mí i síta. Ṣáà jẹ́ kí ti ìta gùn ju ti inú lọ, torí ìgbà tí a bá ń mí síta ni iṣan vagus, tó ń ti ọpọlọ gbé iṣẹ́ lọ bá ọkàn, máa ń dẹ ìlù ọkàn sílẹ̀.

Bàbá Kàdúná
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì wa sọ. Má dúró di ìgbà tí àyà bá já o. Máa ṣe é lálaalẹ́ kí o tó sùn, kó lè mọ́ ọ lára. Obì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa níbí ló ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn wọ́n. Caffeine wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí, ó sì ń mú ọkàn sáré. Dín in kù kí o wò ó. Nígbà ọyẹ́, inú yàrá ni kí o ti máa ṣe é, torí eruku.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an, mà, sà. Mo máa ń jẹ obì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ lé àyà láàárín èrò tó há gádígádí nínú bọ́ọ̀sì?

Ìyá Ìbejì, Kano
Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o lò. Ká ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, fún un pinpin fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí o wá tú u sílẹ̀ bí o ti ń mí síta. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún itan, ìkúùkù, èjìká, títí dé àgbọ̀n. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló gbé fífún iṣan ká tó tú u yìí kalẹ̀ láyé àtijọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju kíka èémí lọ, torí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ò ń ṣe nǹkan. Àwọn kan á ní kí o dá èémí dúró kí o ka ẹ̀rin. Fún ìwọ tó ń ṣe bíi pé afẹ́fẹ́ ò tó, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin, Lugbe
Mùsùlùmí ni mí, mo máa ń ṣe tasíbíù mi pẹ̀lú mímí yìí, wọn ò sì tako ara wọn. Ṣùgbọ́n, àǹtí, bó bá di pé ẹ ò lè jáde nílé mọ́, ẹ má fi mọ sórí mímí nìkan. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Barnawa, Kàdúná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, Gwagwalada
O ṣeun, àbúrò. Bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí èèyàn dákú, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o, kì í ṣe mímí. Olùbéèrè, bí òòyì bá tún kọ́ ọ, má tíì pa á tì: dín bí o ṣe ń fà á sínú kù, kí o fi kún ti ìta.