Àwa ọmọ SS2 fẹ́ kọ́ JSS1 nípa oògùn olóró, ọtí àti sìgá: kí la máa sọ?

ỌmọSS2: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé-ìwé fún àwa mẹ́jọ ní píríọ́dù kan, ìṣẹ́jú 40, pẹ̀lú àwọn JSS1. Wọ́n tó 30. A ti kọ orúkọ oògùn 12 sílẹ̀ àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára. Ṣé ìyẹn tó?

Olùdámọ̀ràn_Ìbàdàn: Àbúrò, ẹ ya ìwé yẹn dànù. Ọmọ JSS1 tí kò gbọ́ "colorado" (igbó àtọwọ́dá tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe) rí lè jáde ní kíláàsì kó lọ máa bèèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ládùúgbò wọn ni kẹ́ ẹ sọ: sìgá, igbó, paraga, ọtí inú ọ̀rá, tramadol. Ẹ má sọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ẹ má sì pe ẹni tó ti jáwọ́ wá sọ ìtàn ayé rẹ̀. Ibi tó dùn nínú ìtàn náà lọmọdé ń mú lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ fi 20 ṣe eré bí a ṣe ń kọ̀. Ẹ pín wọn sí gúrúùpù mẹ́rin, ẹ̀yin méjì sí ọ̀kan. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fi sìgá lọ̀, kí JSS1 máa kọ̀. Ẹ má pààrọ̀ ipò láé: ọmọ tó bá ń fi lọni, bí a ṣe ń rọni ló ń kọ́ yẹn.

Ibi tó le jù rèé. Ọmọ lè wí fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé "mi ò ṣe," àmọ́ kò lè wí bẹ́ẹ̀ fún bùọ̀dá àdúgbò tó ní kó lọ ra sìgá kan wá. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn tí kò ní jọ àrífín. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Bó bá tún rán an, ohun kan náà ni kó tún sọ. Kó má wá àwáwí tuntun, torí àwáwí ni wọ́n máa fi mú un. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó wọlé lọ sọ fún àgbà mìíràn. Òfin Nàìjíríà lórí tábà ti ọdún 2015 pàápàá ka títa sìgá fún ẹni tí kò pé ọdún 18 léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ka títà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Kí kálukú wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn náà jáde. Ẹni tó kàn gbọ́ ọ kò ní rí i sọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Adé: Ẹ má sọ pé ẹni tó bá fa igbó lẹ́ẹ̀kan á ya wèrè. Wọ́n mọ ẹni tó fà á tí kò ya wèrè, wọn ò sì ní gba ìyókù gbọ́. Paraga: ewé àti egbò tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní àgbo. Tramadol: oògùn ara ríro ni. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju mílígírámù 100 lọ, síbẹ̀ 225 wà nígboro. Ó lè fa gìrì, ó lè dá èémí dúró, pàápàá bó bá pàdé ọtí.

Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, ẹ pe àgbà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù pẹ̀lú páálí ohun tó lò. Ẹ má rọ mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu! Kò lè gbé e mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.

ỌmọSS2: Ẹ ṣeun gan-an mà. Bí wọ́n bá ní "ṣé ẹ̀yin náà ti mu ún rí?" ńkọ́? Prefect nìkan ni wọ́n sì yàn nínú àwa SS2 láti wá kọ́ wọn.

Tíṣà_Ìlera: Prefect nìkan kò tó. Nínú ètò ASSIST, ètò ìdènà sìgá mímu nílé-ìwé ní Bìrìtìkó, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13 fúnra wọn ló kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń fetí sí. Wọ́n fi ọjọ́ méjì kọ́ àwọn yẹn níta ilé-ìwé, wọ́n wá ń bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé sìgá mímu kéré láàárín wọn ju ti àwọn ilé-ìwé tí kò ṣe ètò náà lọ. Ẹ bẹ tíṣà yín pé kí JSS1 náà kọ orúkọ.

Sí ìbéèrè yẹn: "A ò wá sọ ti ara wa lónìí. Kí lo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?" Ẹ gbé páálí kan síwájú tí wọ́n á máa ju ìbéèrè aláìlórúkọ sí. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé wọ́n ń lò ó nílé wọn, ẹ má kà á sókè, ẹ má sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ò ní sọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọwọ́ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé, kó lè fún ẹbí náà ní nọ́ńbà NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró: 0800 1020 3040. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.