Hot rod wa ń gbọ̀n, omi rẹ̀ tún ń hó: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mọ́tò yìí fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ford Model A ọdún 1930 ni mo rà láti fi kọ́ hot rod àkọ́kọ́ mi, ìyẹn mọ́tò àtijọ́ tí a gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára sí. Owó ò sí lọ́wọ́, ẹbí ni mo gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ẹ́ńjìnì V8 Chevrolet lọ́fẹ̀ẹ́, àbúrò ìyàwó mi jó férémù (egungun mọ́tò), bàbá ìyàwó mi ló ń bá wa ra nǹkan kéékèèké. Gbogbo wọn ti kẹ̀yìn sí mi báyìí. Bàbá ní mo fi owó òun ra rédíétọ̀ tí kò dáa. Àbúrò ìyàwó mi kì í gbé fóònù mi mọ́. Kódà ọ̀dà tí a ò tíì kùn, a ti jà lé e lórí: mo fẹ́ dúdú, wọ́n ní pupa ni. Mọ́tò náà ń gbọ̀n jìgìjìgì, kì í sì í pẹ́ tí a bá ti tan án tí omi á fi máa hó. Mo ti pààrọ̀ rédíétọ̀, thermostat (fáàfù tó ń ṣí fún omi bó bá gbóná) àti fáànù. Kí ló kù?

Àgbà Wẹ́dà:
Axle iwájú (ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Caster (bí ibi tí táyà iwájú ti ń yà ṣe dà sẹ́yìn) gbọ́dọ̀ wà láàárín digírì 5 sí 7, toe-in (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ) kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì. Tí caster bá kéré jù, sítíárì á máa jó lọ́wọ́ yín. Férémù Model A sì fẹ́lẹ́, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi lẹ́tà C. Ẹni tó bá fẹ́ gbé V8 lé e gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ dí ẹ̀gbẹ́ tó là yẹn. Kí wẹ́dà jó ínǹṣì kan, kó fò lọ sí ibòmíràn, kí ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù. Ẹni tó bá jó o lọ gbọọrọ, férémù á lọ́, axle ò sì ní gún mọ́ láéláé.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Driveshaft (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí axle ẹ̀yìn) ńkọ́? Bí ìdí jíà bá tẹ̀ sílẹ̀ ní digírì 3, kí imú pinion (ibi tí driveshaft ti wọ axle ẹ̀yìn) gbé sókè ní digírì 3. Bí wọn ò bá bára dọ́gba, U-joint (oríkèé driveshaft) á máa gbọn gbogbo ara mọ́tò.

Àgbà Wẹ́dà:
Kí wọ́n yanjú ti axle ná, ìyá wa.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Axle kì í mú omi hó, bọ̀dá. Wọ́n ti sọ pé omi ń hó.

Onítáyà:
Ẹ ò sọ̀rọ̀ búréèkì rárá! Ọ̀pá irin ló ń fa búréèkì Model A, kò sí fluid (òróró búréèkì) níbẹ̀, ẹ́ńjìnì tó bá a wá ò sì ju 40 horsepower lọ. Tí ẹ bá gbé master cylinder (ohun tó ń ti fluid) sábẹ́ ẹsẹ̀, ó ti rẹlẹ̀ ju caliper (ohun tó ń fún disc mọ́) lọ nìyẹn, fluid á máa ṣàn padà. Ẹ fi residual valve (fáàfù tí kì í jẹ́ kí fluid ṣàn padà) 2 psi sí ojú ọ̀nà disc, 10 psi sí ti drum.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston:
Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn. Disc wà níwájú àti lẹ́yìn, valve 2 psi wà níbẹ̀. Caster jẹ́ digírì 6. Mọ́tò náà ò tíì jáde ní gáréèjì rí, neutral ló wà tó ń gbọ̀n, bí mo bá sì ṣe ń tẹ tọrótù ló ń le sí i. Rédíétọ̀ yẹn ò lẹ́bi kankan, ẹ bá mi sọ fún bàbá.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Ẹ wá fi èyí pamọ́ látàárọ̀? Ohun tó bá ń gbọ̀n ní neutral, driveshaft ò mọ̀ nípa rẹ̀, axle ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ́ńjìnì wo ni? Ẹ lọ sẹ́yìn block (ara ẹ́ńjìnì), lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, níbi tí jíà ti so mọ́ ọn. Ẹ nu gírísì ibẹ̀ kúrò, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wú jáde lára irin fún wa.

Àkànní Timing:
Ẹ wo timing (àkókò tí iná plug ń tàn) pẹ̀lú. Bí iná bá pẹ́ kó tó tàn, ẹ́ńjìnì á gbóná. Ẹ yọ vacuum advance (ohun tó ń fi atẹ́gùn yí timing padà), kí àpapọ̀ timing wà láàárín digírì 34 sí 36.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston:
350 (ìtóbi rẹ̀ ní cubic inch) ni ẹ̀gbọ́n mi pè é. Flexplate 350 tuntun (àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ jíà) ni mo rà fún un. Head àtijọ́ (ìdérí sílíńdà) ti sán, ẹ̀gbọ́n mi ló fi méjì tó yọ lára 350 rọ́pò. Nọ́ńbà ara block: 3951511.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Ẹ má tan án mọ́! 400 nìyẹn, kì í ṣe 350. Láti 1970 dé 1980 ni Chevrolet fi ṣe é. Stroke rẹ̀ (bí piston ṣe ń rìn sókè-sódò tó) jẹ́ 3.75 ínǹṣì, ti 350 jẹ́ 3.48. Apá crank rẹ̀ (ọ̀pá tí piston ń yí) gùn débi pé ìwúwo tó yẹ kó mú un dọ́gba ò gba inú block tán. Wọ́n wá pín èyí tó kù sára flexplate lẹ́yìn àti balancer (wíìlì tó ń dín gbígbọ̀n crank kù) níwájú. Flexplate 350 wọlé sí i wẹ́kú, bóòtù rẹ̀ bá a mu, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura, àmọ́ kò ní ìwúwo yẹn lára. Bí ẹ bá ń tan án báyìí, ẹ máa ba bearing crank jẹ́.

Ti omi tó ń hó: àwọn sílíńdà 400 lẹ̀ mọ́ra, omi ò ráyè gba àárín wọn. Ooru omi á máa kó jọ síbẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe lu ihò kéékèèké sójú block àti head kó lè rí ibi jáde. Head 350 ò ní ihò yẹn. Rédíétọ̀ mẹ́wàá ò lè tún un ṣe.

Onítáyà:
Ẹ ta á, kí ẹ ra 350.

Àgbà Wẹ́dà:
Rárá o! 400 lágbára ju 350 lọ láti ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n gbà á. Ẹ yọ head méjèèjì, ẹ gbé e lọ sí machine shop pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì 400, kí wọ́n fi ṣe àwòṣe, kí wọ́n lu ihò náà ní 1/8 ínǹṣì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lu tààrà, ẹ má fi dírílì ọwọ́ dán an wò. Kí wọ́n wò ó bóyá head ti tẹ̀ tàbí ó ti sán nítorí ooru.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Tí ẹ bá ń dá head padà, ẹ fi sealant sí ẹnu bóòtù, nítorí inú omi ni wọ́n ń wọ̀. Láti àárín lọ síta ni kí ẹ ti máa dè é, ní ìpele mẹ́ta, títí dé 65 ft-lb. Ti flexplate jẹ́ 60. Balancer wo ló wà níwájú?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Ó kéré, ó dọ́gba yíká, ìwúwo kankan ò yọ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, òun ló pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá ní òun á san owó balancer, bí mo bá gbà kí a kun mọ́tò ní pupa.

Ìyá Mẹkáníìkì, Atlanta:
Ti 350 nìyẹn náà. Ẹ ra ti 400, ínǹṣì 8 ni fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ra timing tab (irin tí àmì digírì timing wà lára rẹ̀) tó bá a mu. Bí tab bá jẹ́ ti balancer kékeré, ohun tí iná timing máa fi hàn yín ò ní jẹ́ òótọ́.