Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ kò sọ̀rọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kò ríran

Olùkọ́ Adó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe lè máa ṣe àkọsílẹ̀ owó wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan pè mí láti Ìjerò. Ó ní, “Mà, ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò sọ̀rọ̀.” Kò kọ́kọ́ yé mi. Àṣé kò ríran, fóònù rẹ̀ ló ń kàwé fún un. Ìwé 12 ni mo ti fi ránṣẹ́. Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo wọn, mo wá fi fóònù yà wọ́n, mo sọ wọ́n di PDF. Ó sì ti sanwó oṣù méjì! Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n dá owó rẹ̀ padà ni, àbí ọ̀nà àbáyọ wà?

Ará Ọ̀tùn:
Ẹ má dá owó padà, mà. Ẹ̀kọ́ ló wá kọ́. Èmi náà kò ríran. NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará Australia méjì tí àwọn náà kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. TalkBack ni irú rẹ̀ tó wà lórí fóònù Android. Fọ́tò ni ìwé yín. Ẹ̀yin rí lẹ́tà nínú rẹ̀, àwòrán lásán ni fóònù rí.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Word. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ lẹ́tà àkọlé di ńlá, Heading, ìyẹn àmì àkọlé tó wà nínú Word, ni kẹ́ ẹ lò. Òun ni mo fi ń fò láti àkọlé kan bọ́ sí òmíràn. Bí kò bá sí, àfi kí n jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí n tó rí ibi tí mò ń wá. Tẹ́bù ìṣirò ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ má sì da àpótí méjì pọ̀. Tí rìsíìtì bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà lára rẹ̀ sí alt text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí fóònù máa kà dípò àwòrán. “Àwòrán 3” kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Ẹ rántí àwọn tí kò gbọ́rọ̀ náà o. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí YouTube ń kọ sísàlẹ̀ fídíò fúnra rẹ̀ máa ń ṣi orúkọ Yorùbá kọ, ẹ bá wa tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Láti 2019 ni òfin ti ní ká má ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, àmọ́ àwọn tó ń béèrè bíi tiyín kò pọ̀. Ẹ ṣeun, mà.

Olùkọ́ Adó:
Mo tẹ ìwé àkọ́kọ́ lálẹ́ àná kí iná tó lọ. Ó pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan tẹ́bù. Ó tún ní àròpọ̀ ìlà kẹrin kò tọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ló sọ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó rí i. Mo ti tún un ṣe. Ó ku 11.