Ẹ bá mi wò ó: níbo ni ká fi ilé Zaroff sí lórí máàpù?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Houston ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹsàn-án. Wọ́n ní kí wọ́n ka ìtàn kúkúrú kan, The Most Dangerous Game, tí Richard Connell kọ lọ́dún 1924. Ìtàn Rainsford ni, ọdẹ kan tó já sínú òkun láti orí ọkọ̀, tó lúwẹ̀ẹ́ dé erékùṣù tí Ọ̀gágun Zaroff ń gbé, tí ọ̀gágun náà sì ń dọdẹ rẹ̀ bí ẹran. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ni kó ya máàpù erékùṣù tí ìtàn náà ti wáyé, kó sì kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé tó jẹ́ ẹ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ́kọ́ yà wù mí púpọ̀: etíkun oníyanrìn, igi àgbọn, odò tó la àárín erékùṣù kọjá, omi tó ń já láti orí àpáta. Olùkọ́ dá a padà, ó ní níbo ló ti rí igi àgbọn kà. Ọmọ náà wò mí lójú. Èmi náà ò rí i kà.

Mo ti ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, lóru, lẹ́yìn tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí i pé wọ́n dárúkọ ìhà: àbàtà tí Zaroff ní kí Rainsford yẹra fún, tó ní ó wà ní igun gúúsù ìlà-oòrùn. Ilé ńlá Zaroff fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mi fi í sí àríwá. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ó kàn wu òun bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Tísà Ìbàdàn: Ẹ kú wàhálà ọmọ, Màmá. Ibùdó ìtàn ni àwa ń pè é nínú lítíréṣọ̀, àwọn ọmọ tèmi náà máa ń ṣe àṣìṣe yìí gan-an: wọ́n á ya erékùṣù tó wà lórí wọn, wọn ò ní ya èyí tó wà nínú ìwé. Ẹ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Kó tún ìtàn náà kà, kó máa tọ ẹsẹ̀ Rainsford lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá ti ṣí kúrò níbì kan, kó kọ ohun tó rí, àkókò tó jẹ́, àti bó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Látinú ọkọ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Whitney, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni erékùṣù náà wà, ó tún ní ojú Rainsford kò lè ríran tó nǹkan bíi máìlì 4 nínú òkùnkùn Caribbean tí kò sí òṣùpá. Ẹ ti rí ìwọ̀n jíjìn kan nìyẹn. Rio ní Brazil ni ọkọ̀ ń lọ, ìyẹn gúúsù, nítorí náà ìwọ̀-oòrùn ni ọwọ́ ọ̀tún. Rainsford gúnlẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù.

Àti pé, ṣé ọmọ náà ti wo fíìmù ọdún 1932 tí wọ́n ṣe látinú ìtàn yìí? Inú fíìmù ni omi tó ń já láti òkè wà. Kò sí nínú ìwé.

Bàbá Awakọ̀ Òkun: Tísà, ẹ má bínú, mo fẹ́ tún un ṣe díẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ tó bá ti Caribbean ń lọ sí Rio kò lè dojú kọ gúúsù tààrà, ilẹ̀ Venezuela ló máa lọ kọ lù. Ìlà-oòrùn ló máa kọ́kọ́ forí lé, kó jáde nítòsí Trinidad tàbí láàárín àwọn erékùṣù kéékèèké ìhà ibẹ̀, kó tó yí èjìká Brazil sọ̀kalẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gúúsù ni ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ ń wò. Ọ̀tún yẹn náà ni ìró ìbọn tí Rainsford gbọ́ kó tó já sínú òkun ti wá, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Etí erékùṣù tó kọjú sí ọkọ̀ ló máa gúnlẹ̀ sí: àríwá.

Tísà Ìbàdàn: Òótọ́ ni, Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò ya ojú òkun sọ́kàn kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, London: Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ìrọ̀lẹ́ ti ń súnmọ́ nígbà tí Rainsford jí. Ẹ̀bá omi ló ń gbà lọ torí igbó dí. Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tó yí kọ̀rọ̀ kan ní etíkun tó sì rí iná ilé náà. Wákàtí díẹ̀ péré ló fi rìn, kò lè tíì yí erékùṣù ńlá po. Tó bá jẹ́ àríwá ló ti jáde nínú omi, ilé yẹn ò lè jìnnà sí àríwá.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Ìwé sọ pé orí òkè ni ilé náà wà, pé àpáta tó dúró bí ògiri já sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ tí òkun yí ká lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ imú sínú omi nìyẹn! Ní ìparí, nígbà tí ajá ń lé e, Rainsford dé bèbè òkun, ó ń wo òkúta aláwọ̀ eérú ilé náà ní òdì kejì ibi tí omi ti gé wọ inú ilẹ̀, òkun sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 nísàlẹ̀ rẹ̀. Imú ilẹ̀ àti ibi tí omi ti wọlé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Kó ya méjèèjì pọ̀.

Tísà Ìbàdàn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojú inú. Màmá, ẹ sọ fún un pé ohun tí ìwé bá sọ ní tààrà, bí igun àbàtà, kó fi bíró yà á. Èyí tó bá rò jáde, bí ibi tí ilé wà, kó fi ilà tótòtó yà á, kó kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí rárá, kó má yà á.

Èmi tí mo béèrè: Olúwa á bá mi san án fún yín. Nígbà tó ka ti imú ilẹ̀ yẹn, ó fò dìde, ó ní "Mọ́mì, àríwá náà ni!" Ó ti fi ilà tótòtó yà á, ó kọ ìdí mẹ́ta sábẹ́. Àwọn pàkúté ló kù. Níbo ni òkú igi tí Rainsford dẹ sílẹ̀ de Zaroff wà, àti ọ̀bẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́ ní Uganda?

Ìyá Ìbejì, London: Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni ìwé sọ: igi, lẹ́yìn náà kòtò ẹ̀bá àbàtà, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ. Kó tò wọ́n sójú ọ̀nà kan bẹ́ẹ̀. Jáàdì 300 ló wà láàárín ibi tó sá pamọ́ sí àti òkú igi, ìyẹn wà níbẹ̀ ní tààrà.

Èmi tí mo béèrè: Ó ti rí i, ó ti fi bíró kọ ọ́. Ó ti tún ṣí ìwé báyìí, ó ń wá fèrèsé tí Zaroff gbà nawọ́ sí iná tó ń tan ọkọ̀ jẹ kó lè lọ kọ lu òkúta. Ó ní tí òun bá mọ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí, òun á mọ ibi tí òun máa ya àwọn òkúta inú òkun sí.