Ta ni ká pè ní elédè méjì?

Ẹ̀yin ará, lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún ẹni tó gbọ́ èdè méjì (bilingual), àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: “elédè méjì”, “agbédèméjì” àti “ògbufọ̀”. Mo gba “elédè méjì” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, àmọ́ mi ò gba ìtumọ̀ tí àwọn kan fẹ́ so mọ́ ọn lọ́rùn, pé àfi ẹni tó bá ń sọ èdè kejì bí ọmọ onílé ló tọ́ sí orúkọ náà. Ìtumọ̀ yẹn ti pẹ́. Leonard Bloomfield, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ló fi í lélẹ̀ ní 1933. Nígbà tó di 1953, Einar Haugen, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi tirẹ̀, ti dẹ̀ ẹ́: ẹni tó bá ti lè sọ gbólóhùn tó pé, tó sì ní ìtumọ̀, ní èdè kejì ti wọlé. Lọ́dún kan náà, Uriel Weinreich, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mìíràn, kò tilẹ̀ béèrè ìwọ̀n kankan. Lójú tirẹ̀, kéèyàn máa lo èdè méjì ní pàṣípààrọ̀ ti tó. Òun ló súnmọ́ èrò mi jù.

Ẹ wo ẹni tó ń fi èdè tó fi kàwé ṣe ìṣirò, tó sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ gbàdúrà. Bí ẹ bá ní kó pààrọ̀ wọn, yóò máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Ṣé a ó wá ní kò gbọ́ ìkankan ni? Kò sí ohun tó fẹ́ fi èdè ṣe láyé rẹ̀ tí kò rí èdè fi ṣe. François Grosjean, onímọ̀ nípa ìlò èdè méjì, ti sọ ọ́ ní 1989 pé elédè méjì kì í ṣe elédè kan-kan méjì tí wọ́n kó sínú ara kan.

Ní ti àbá “agbédèméjì”, mo fẹ́ràn “gbọ́” tó wà nínú rẹ̀ gidigidi. “Ṣé o gbọ́ èdè wọn?” là ń bi ara wa. Ó gba ẹni tó ń gbọ́ àgbọ́yé tí kì í fi fèsì. Ó gba adití tó ń fi ọwọ́ sọ èdè kan tó sì ń ka òmíràn, torí òye ni “gbọ́” ń sọ níbí, kì í ṣe etí. Àmọ́ ẹ yọ àmì ohùn kúrò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wo ohun tó kù: agbedemeji. Ìdajì ọ̀nà! Èrò tí à ń bá jà gan-an nìyẹn, pé ẹni tó gbọ́ méjì kò gbọ́ ìkankan dójú àmì. Bí a ó bá lo àbá yìí, ẹ jẹ́ ká má pa fáwẹ̀lì jẹ: “agbọ́-èdè-méjì”, “agbọ́-èdè-púpọ̀”. Ó gùn díẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

“Ògbufọ̀” tí ẹnìkan dábàá kò bá a mu. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni iṣẹ́ ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ èdè mẹ́ta tí kò lè ṣe é.

Ó ku ẹni tó gbọ́ èdè kan ní kékeré tí kò lò ó mọ́. Weinreich yóò yọ ọ́ sílẹ̀. Níbí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀: bó bá ṣì ń yé e, kíkà ni kí a kà á mọ́ wọn.