Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀: ibo ni ká ti gbéra?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi àti ìyá mi fẹ́ fi Sátidé àti Sọ́ńdè kan rọra gun kẹ̀kẹ́ lórí Great Allegheny Passage ní Amẹ́ríkà. Ó tó kìlómítà 240 láti Cumberland dé Pittsburgh, ṣùgbọ́n ìgbádùn la ń wá, a ò ní gùn ún tán. Torí pé ọkọ̀ ojú irin ló ń gbabẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkè ibẹ̀ kò le. Síbẹ̀, orúnkún màmá ló jẹ mí lógún jù.

Ṣé ká gbéra ní Meyersdale, ká gòkè díẹ̀, ká wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cumberland, ká sùn ní Frostburg? Wọ́n máa ń ti Big Savage, ihò tí ọ̀nà náà gbà la abẹ́ òkè kọjá, nígbà òtútù, nítorí náà oṣù kẹsàn-án la fojú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á lè gba orí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀?